Róbọ́ọ̀tì ìjà mi ti fi gíráàmù 47 ju òfin lọ, ìdíje sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ gbà mí

Adé_Leeds (Ọjọ́ Àìkú, 7:14 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, tilé toko. Ẹni tí ò bá tíì mọ̀, mò ń kọ́ róbọ́ọ̀tì ìjà nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Leeds níbí, láti oṣù kìíní ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń kó sínú àpótí ńlá kan ní méjì-méjì kí wọ́n kọlu ara wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, àfi tí ọ̀kan ò bá lè mira mọ́ kó tó pé. Agbọ́n ni mo sọ ọ́. Kíláàsì tó wà ni wọ́n ń pè ní beetleweight, ní UK níbí kò gbọdọ̀ ju 1,500 gíráàmù lọ (ti Amẹ́ríkà kéré díẹ̀ sí i, pọ́n-ùn 3 ni tiwọn, bíi 1,360 gíráàmù).

Iwájú ẹ̀ ni disc irin líle tí wọ́n ń pè ní Hardox wà, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ mílímítà 110, eyín méjì ló ní, ìsàlẹ̀ ló ti ń yí bọ̀ sókè kó lè gbé ohun tó bá pàdé sọ sókè. Motor 1,100 Kv ló ń yí i (ìyẹn ni pé ó ń yí ìgbà 1,100 ní ìṣẹ́jú kan fún volt kọ̀ọ̀kan), bátìrì 4S, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀, mo ṣírò ẹ̀ pé disc yẹn ń yí tó ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan.

Wàhálà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Mo gbé e sórí síkéèlì ilé ìdáná lálẹ́ àná, ó ka 1,547, wọn ò sì ní gbà mí wọlé bó ṣe gíráàmù kan péré ló lé. Èkejì, tí disc bá ti ń sáré tí mo bá ní kí n yà sọ́tùn-ún tàbí sósì kíákíá, táyà ẹ̀gbẹ́ kan á gbéra nílẹ̀, á wá dà bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan jó. Ẹ̀kẹta ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Lánàá nínú àpótí tí mo fi ń dán an wò, mo ní kó kọlu pákó kan, bó ṣe gbá a báyìí, gbogbo ẹ̀ kú. Disc kú, táyà kú, iná pupa tó wà lẹ́yìn ẹ̀ kú. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá méjì ó tún jí fúnra ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ nǹkan kan kó bá mi dá sí i. Mo tún ń rò ó pé kí n gé eyín kan kúrò lára disc yẹn kó ku ẹyọ kan. Ṣé mo sì lè fi sípíríǹgì ọkọ̀ ṣe disc èkejì tí màá kó dání fún ọjọ́ ìdíje? Torí Hardox tí wọ́n ń bá mi gé yẹn, owó ẹ̀ ò kéré.

Ẹ̀gbọ́n_Kúnlé (Ọjọ́ Àìkú, 8:02 àárọ̀)

Àbúrò, o kú iṣẹ́, orúkọ yẹn dáa. Mo ti bá wọn jà ní kíláàsì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mo ti pàdánù ju bí mo ṣe jàre lọ, ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ.

Fi disc sílẹ̀ ná, bátìrì ni ká kọ́kọ́ sọ. Mélòó ni mAh ẹ, ìyẹn iye iná tó ń gbà? Fi bátìrì tó kún bámúbámú sínú ẹ̀, máa wà á nínú àpótí yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko bí ìgbà tó o bá wà lójú ìjà, kọlu nǹkan, jẹ́ kí disc dúró kó tún gbéra, lẹ́yìn náà kó o dá bátìrì padà sórí ṣájà, kó o wo iye mAh tí ṣájà máa dá padà sínú ẹ̀. Ohun tí ìjà kan ń jẹ nìyẹn. Kì í ṣe ká máa méfò. Tó bá ti mọ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún bátìrì, ó ti tó, má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí LiPo, irú bátìrì tìẹ yìí, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ bá ti já sísàlẹ̀ 3 volt ti ń bàjẹ́ nìyẹn, ó lè wú, èyí tó bá sì ti wú, má tún fi sórí ṣájà mọ́ láyé.

Lẹ́yìn ìyẹn, tú gbogbo síkúrù àti bóòtù ẹ̀ síta, kó wọn sínú abọ́, wọ̀n wọ́n. Ẹnu á yà ẹ́. Bóòtù tó bá fi sẹ̀ńtímítà kan yọ lẹ́yìn nọ́ọ̀tù, ibi tó yọ yẹn ò ṣe iṣẹ́ kankan fún ẹ, gé e.

Adé_Leeds (Ọjọ́ Àìkú, 8:20 àárọ̀)

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. 850 ni. Ara ẹ̀ HDPE ni, ike líle kan, mílímítà 8 ni gbogbo ẹ̀, ìdérí orí náà mílímítà 8. Màá dán ti bátìrì yẹn wò lónìí.

Ẹ̀gbọ́n_Kúnlé (Ọjọ́ Àìkú, 8:27 àárọ̀)

Ìdérí orí mílímítà 8 ti pọ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ ni kó o jẹ́ kó nípọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá ni. Má fọwọ́ kan iwájú o.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ (Ọjọ́ Àìkú, 11:45 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ n dá sí ti irin. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí ní Ọ̀yọ́, ọkọ́ àti àdá ni bàbá mi ń rọ, bàbá wọn náà sì rọ ọ́, sípíríǹgì ọkọ̀ ni wọ́n fi ń rọ púpọ̀ nínú ẹ̀. Irin tó dáa ni, mi ò lè bú u láé. Àmọ́ igi ni àdá ń gé, igi sì rọ̀, disc tìẹ irin bíi tiẹ̀ ló ń lọ pàdé, lórí eré burúkú.

Tó o bá ki sípíríǹgì sínú iná títí ó fi pọ́n bí ẹ̀yinná, tó o wá rì í sínú òróró lẹ́ẹ̀kan náà, á le, á le débi pé fáìlì á máa yọ̀ lórí ẹ̀. Irin tó bá le báyẹn kì í tẹ̀, ńṣe ló ń kán, èyí tó bá sì kán á fò, ibi tó máa fò lọ ni ẹnì kan ò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi máa ń dá a padà sẹ́bàá iná lẹ́yìn tí wọ́n bá rì í tán. Wọ́n á kọ́kọ́ fi yanrìn ha ojú ẹ̀ kó funfun, wọ́n á wá máa wo àwọ̀ tó ń gun orí irin yẹn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, á kọ́kọ́ rí bíi koríko gbígbẹ, lẹ́yìn náà á ṣú bí obì, á wá di àwọ̀ elése àlùkò, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa dà bí aró. Tó bá ti dé ibi aró yẹn, wọ́n á yọ ọ́, torí ibẹ̀ ni sípíríǹgì ti ń rọ̀ níwọ̀nba, tó lè tẹ̀ kó tún padà láìkán. Kò sí aago níbẹ̀, kò sí tẹmómítà, ojú ló ń mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo dàgbà sídìí ẹ̀, mi ò tíì mọ̀ ọ́n tó bàbá mi. Tí o ò bá ní ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ní Leeds, jọ̀ọ́ má fi sípíríǹgì ṣe disc.

Hardox ní tiẹ̀, iléeṣẹ́ kan ní Sweden ló ń ṣe é, wọ́n ti parí gbogbo iṣẹ́ iná lórí ẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹ. Torí náà má tún fi iná kàn án. Tó bá ti gbóná ju bíi 250 Celsius lọ, líle tó o fowó rà yẹn ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Tó o bá fẹ́ fi gíráńdà pọ́n eyín ẹ̀, pọ́n ọn díẹ̀, rì í sómi, tún pọ́n ọn. Bó o bá ti rí i tí etí ẹ̀ dà bí aró bíi ti irin bàbá mi yẹn, ibi tó dà bí aró yẹn ti rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nìyẹn.

Adé_Leeds (Ọjọ́ Àìkú, 12:10 ọ̀sán)

Áà. Mo ti pọ́n eyín kan rí tó di aró díẹ̀ létí. Eyín yẹn náà ló tẹ̀ nígbà tó gbá pákó lánàá, mo rò pé pákó ló le ni. Ẹ ṣé o, ọmọ bàbá alágbẹ̀dẹ, ọlọ́jọ́ á dá wọn sí fún wa.

Bísí_Ìbàdàn (Ọjọ́ Àìkú, 2:36 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi ò kọ́ róbọ́ọ̀tì rí o, fóònù ni mò ń tún ṣe níbí, ọdún kẹtàlá rèé. Àmọ́ nǹkan tó máa ń kú tó bá ti gba ìkọ̀lù, tó sì tún ń jí fúnra ẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Fóònù á já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, á kú, ẹni yẹn á fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ báyìí, á tàn. Wọ́n á ní bátìrì ni, wọ́n á ti ra bátìrì tuntun kí wọ́n tó wá. Kì í sábà ṣe bátìrì. Ibi tí lẹ́ẹ̀dì ti di wáyà mú ló ti là, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tí nǹkan bá mì ín á ṣí, tó bá dúró jẹ́ẹ́ á tún pàdé.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi: ẹ yọ bẹ́líìtì yẹn kúrò kí disc má lè yí rárá. Ẹ wá so bátìrì, ẹ tan án. Ẹ mú igi kékeré, èyí tí wọ́n fi ń jẹ ice cream dáa, kì í ṣe irin o, kẹ́ ẹ máa fi ti wáyà kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, láti orí bátìrì lọ títí dé ibi tó parí sí, kẹ́ ẹ máa wo iná pupa yẹn. Ibi tó bá ti ṣẹ́jú, ibẹ̀ ni. Ẹ má kánjú.

Ẹ̀gbọ́n_Kúnlé (Ọjọ́ Àìkú, 3:05 ọ̀sán)

Ẹ gbọ́ràn sí Àǹtí Bísí lẹ́nu. Gbogbo ẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà, àti iná, ìyẹn fi hàn pé ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ló ti ń já, torí tó bá jẹ́ ESC disc (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí eré motor ẹ̀) nìkan ni, táyà ò ní kú.

Dẹ̀jọ_Houston (Ọjọ́ Àìkú, 6:51 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú àsìkò o. Mo fara mọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti sọ àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ eyín yẹn, torí Adé béèrè, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn.

10,000 ní ìṣẹ́jú kan, tó o bá pín in sí 60, bíi 167 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Eyín méjì ló ní, ìyẹn ni pé eyín ń kọjá níwájú ìgbà 333. Tí ìwọ àti ọ̀tá ẹ bá ń sún mọ́ra ní mítà 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mílímítà 9 péré ni ara ẹ̀ máa ráyè wọlé kí eyín tó kàn tó dé. Mílímítà 9! Tí àyè yẹn bá kéré, disc ò ní rí nǹkan gbé, á kàn máa fá a lára bíi fáìlì, á máa dún kẹẹẹ, iná á máa ta pàràpàrà, àwọn tó ń wòran á pariwo, ọ̀tá ò sì ní kúrò lójú kan. Tó bá jẹ́ eyín kan ló ní, ó di 18. Ìyẹn máa gbé èèyàn. Mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi níbí, eyín kan ni ti èmi, mi ò ní padà sí méjì láé.

Ẹ̀gbọ́n_Kúnlé (Ọjọ́ Àìkú, 7:30 alẹ́)

Dẹ̀jọ, ìṣirò ẹ tọ̀nà, àmọ́ ìmọ̀ràn ẹ ni mi ò gbà, kì í ṣe nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá gé eyín kan kúrò lára disc tí wọ́n yà fún eyín méjì, ẹ̀gbẹ́ kan á wúwo ju èkejì lọ. Lórí eré yẹn, gíráàmù mélòó kan tó bá yàtọ̀ ti tó láti máa gbọn róbọ́ọ̀tì jìgìjìgì, bẹ́árìn á jẹ, síkúrù á máa tú fúnra wọn. Ó máa gba kó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ tó wúwo, kó dán an wò, kó tún lu. Ọ̀sẹ̀ kan ti lọ nìyẹn, disc kan ṣoṣo ló sì ní lọ́wọ́.

Ọ̀nà míì wà tí ò ná an ní kọ́bọ̀. Dín eré disc kù láti orí rìmóòtù, jẹ́ kó mọ sí 7,000. Eyín méjì náà, mítà 3 náà, àyè yẹn á di bíi mílímítà 13. Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé táyà tó ń gbéra yẹn, eré disc ló ń fà á. Nǹkan tó bá ń yí lórí eré kì í fẹ́ kí wọ́n yí ojú òun padà, tó o bá ní kó yà, á máa fi ẹ̀gbẹ́ kan dìde. Bí eré ẹ̀ bá ṣe dín kù, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó fi ń gbé táyà yẹn ṣe máa dín kù. Ìdáhùn kan fún wàhálà méjì.

Dẹ̀jọ_Houston (Ọjọ́ Àìkú, 7:58 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ ìyókù o. Agbára ìkọ̀lù disc, eré ẹ̀ lọ́nà eré ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá fi 7,000 rọ́pò 10,000, agbára tó kù nínú ẹ̀ ò ju ìdajì lọ. Ìdajì! Ẹ ti sọ agbọ́n di eṣinṣin.

Ẹ̀gbọ́n_Kúnlé (Ọjọ́ Àìkú, 8:15 alẹ́)

Òótọ́ ni, ìdajì ni. Ṣùgbọ́n 10,000 tí ò rí nǹkan gbé, tó tún ń gbé táyà tìẹ fúnra ẹ sókè, kí ni iṣẹ́ agbára yẹn? Ìdajì tó wọlé sára ọ̀tá ju odindi tó ń fá a lára lọ. Kó sì wà níbẹ̀ lórí rìmóòtù, tó bá rí ọ̀tá tó ń bọ̀ tààrà wá bá a tí kò ní láti yà, kó tì í sókè padà sí 10,000.

Bàbá_Tóyìn (Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mò ń ka ọ̀rọ̀ yín, inú mi ń dùn. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà nígbà tí Robot Wars, ètò ìdíje àwọn róbọ́ọ̀tì ìjà, bẹ̀rẹ̀ lórí BBC ní 1998, èmi àtàwọn ọmọ la jọ máa ń jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n. Roadblock ló gba ife àkọ́kọ́. Chaos 2 ló wá gbà á lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, kò ní abẹ kankan tó ń yí, ìdérí ẹ̀ ló máa ń ta sókè bí ìdérí àpótí, á gbé ẹni dà sódì. Nígbà tí wọ́n dá ètò yẹn padà ní 2016, Carbide tí irin gbọọrọ iwájú ẹ̀ ń yí bí ìjì, gbogbo wa la rò pé òun ló máa gbà á. Apollo ló gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ ní àṣekágbá, ìdérí tó ń ta nǹkan sókè lòun náà ní. Carbide padà gbà á ní 2017. Ohun tí mo ń wò nínú gbogbo ẹ̀ ni ẹni tó mọ ọ̀nà tó ń wà á. Kúnlé, mo wà lẹ́yìn ẹ.

Ṣadé_Nọ́ọ̀sì (Ọjọ́ Ajé, 6:05 àárọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ béèrè nǹkan kan, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ọwọ́ àti ojú tí ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni mò ń rí lóru. Adé, àpótí tó o fi ń dán an wò, kí lo fi ṣe é? Etí disc yẹn ń sáré tó kìlómítà 200 ní wákàtí kan, mo ṣírò ẹ̀. Ìyàwó ẹ àtàwọn ọmọ ńkọ́ nígbà tó o bá tan án? Tí rìmóòtù bá kú lọ́wọ́ ẹ, ṣé ó máa dúró fúnra ẹ̀?

Adé_Leeds (Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀)

Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀. Polycarbonate ni, ike tó mọ́ gaara, mílímítà 6, pákó ni ìdí ẹ̀, ọmọ kankan kì í wọ yàrá yẹn. Ti rìmóòtù yẹn, mo gbà pé ó máa dúró, mi ò tíì dán an wò.

Ẹ̀gbọ́n_Kúnlé (Ọjọ́ Ajé, 6:52 àárọ̀)

Polycarbonate dáa, àwọn kan máa ń fi acrylic ṣe é torí ó pọ́ọ́kú, acrylic máa ń fọ́ bíi dígí. Dán ti rìmóòtù wò LÓNÌÍ. Gbé e sórí nǹkan kí táyà má kanlẹ̀, yọ bẹ́líìtì, tẹ̀ ẹ́ síwájú, wá pa rìmóòtù níbi tó ti ń sáré yẹn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ní kó o ṣe lọ́jọ́ ìdíje nìyẹn, tí ò bá dúró o ò ní jà.

Adé_Leeds (Ọjọ́ Ajé, 8:33 alẹ́)

Mo ti dán gbogbo ẹ̀ wò lẹ́yìn ibi iṣẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Rìmóòtù lákọ̀ọ́kọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ síwájú, mo pa á. Táyà méjèèjì ń sáré lọ. Mo ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, wọ́n ṣì ń sáré. Ara mi tutù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé rìsífà yẹn, èyí tó ń gbọ́ rìmóòtù nínú róbọ́ọ̀tì, ń rántí ohun tí mo sọ fún un gbẹ̀yìn, ó ń tẹ̀ lé e lọ. Mo wọnú rìmóòtù, mo tún un ṣe kí gbogbo ẹ̀ máa padà sí òdo tí kò bá gbọ́ nǹkan kan, mo dán an wò nígbà ogún, ó dúró nígbà ogún. Àǹtí Ṣadé, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín.

Àǹtí Bísí, mo ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí. Igi ice cream, wáyà kan tẹ̀ lé ìkejì. Ti bátìrì ò ṣe nǹkan kan. Ti ESC apá òsì ò ṣe nǹkan kan. Mo dé ibi ọ̀kan tó nípọn, níbi tí wáyà pupa mẹ́rin ti pàdé lẹ́yìn link, ìyẹn wáyà kúkúrú tí wọ́n máa ń ní ká yọ kí iná má lè kọjá, mo kàn fi igi kàn án ṣáá, iná pupa ṣẹ́jú. Mo bó rọ́bà dúdú tí mo fi bò ó. Lẹ́ẹ̀dì yẹn dà bí eérú, kò dán, ó rún wìnníwìnní lójú, ó ṣe kókó lórí wáyà bí ìgbà tí omi bá dúró lórí ewé kókò. Mo fi èékánná tì í, odindi kókó yẹn yí lórí wáyà. Láti oṣù kẹrin ló ti wà bẹ́ẹ̀, èmi ló jó o, mo sì rò pé ó ti mú.

Ti bátìrì, mo fi ìṣẹ́jú mẹ́ta bá pákó jà, ṣájà dá 430 padà.

Bísí_Ìbàdàn (Ọjọ́ Ajé, 9:01 alẹ́)

Omi lórí ewé kókò, bó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Ooru ò tó. Wáyà mẹ́rin tó nípọn, gbogbo wọn ló ń fa ooru ayọ́n tẹ́ ẹ fi ń jó lẹ́ẹ̀dì lọ, lẹ́ẹ̀dì yọ́ ṣùgbọ́n wáyà fúnra ẹ̀ ò gbóná, kò lè mu ún. Ẹ lo ayọ́n tó ní ẹnu pẹrẹsẹ, kì í ṣe èyí tó mú ṣóńṣó. Ẹ fi fúlọ́ọ̀sì sí i, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì mú wáyà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wáyà kọ̀ọ̀kan mu lẹ́ẹ̀dì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó kó wọn pọ̀, wáyà lẹ máa gbóná, kẹ́ ẹ wá fi lẹ́ẹ̀dì kan WÁYÀ, ẹ má fi kan ayọ́n. Tó bá gbà á, ẹ máa rí i tó máa ṣàn wọ àárín àwọn irun wáyà yẹn bí epo ṣe ń wọ inú ẹ̀bà. Ẹ mú ayọ́n kúrò, ẹ má mì í, ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí i. Tó bá tutù tán kẹ́ ẹ fà á tagbára-tagbára.

Ẹ wá dè é mọ́ ara róbọ́ọ̀tì kó má máa gbọ̀n, torí ibi tí lẹ́ẹ̀dì parí sí lára wáyà, ibẹ̀ ló máa ń kán sí tó bá ń gbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n_Kúnlé (Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́)

430. Bátìrì 650 tó ẹ, kódà ó ṣẹ́ kù. Ra mẹ́rin, kó o má dúró de ṣájà láàárín ìjà.

Síkéèlì ilé ìdáná yẹn náà, má gbà á gbọ́ báyẹn. Gbé ife ńlá kan lé e, sọ ọ́ di òdo, bu lítà omi kan sínú ẹ̀, ó yẹ kó ka 1,000. Tó bá ka 990, o mọ iye tó ń fi pa mọ́ fún ẹ nìyẹn. Má kọjá 1,490 nílé.

Táyé_Abẹ́òkúta (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:12 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ iléèwé ni mí, mi ò ní róbọ́ọ̀tì, àmọ́ mo ní mọ́tò ìṣeré tí wọ́n fi rìmóòtù ń wà. Ṣé ẹ tiẹ̀ ti ń kọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa wà á? Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, mi ò rí ibi tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ wíwà.

Ẹ̀gbọ́n_Kúnlé (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán)

Ọmọ yìí ló sọ̀rọ̀ jù nínú gbogbo wa.

Adé, ọ̀sẹ̀ yìí ni kó o parí títún un ṣe, má tún fi nǹkan tuntun kankan kún un mọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kù, wà á. To ife rọ́bà mẹ́fà sílẹ̀, yí wọn ká láì gbá ọ̀kankan, disc ò gbọdọ̀ tan o, fi irin há a. Lẹ́yìn náà dà á dé, kó o máa wà á ní ìdakejì, torí wọ́n máa dà ẹ́ dé, ọ̀tún á di òsì lọ́wọ́ ẹ, ọpọlọ ẹ ò ní ráyè rò ó. Dúró sí ọ̀kánkán kó kọjú sí ẹ, ibẹ̀ náà ọwọ́ máa ń ṣìnà. Àwọn adájọ́ kì í wo ohun tó fọ́ nìkan, wọ́n ń wo ẹni tó ń lé ẹni àti ẹni tó mọ ibi tó ń lọ.

Kọ́ bó o ṣe máa pààrọ̀ nǹkan náà pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ṣe bí ẹni pé motor táyà kan ti jó, tú u, fi òmíì sí i. Iye ìṣẹ́jú tó bá gbà nílé, ìlọ́po méjì ẹ̀ ló máa gbà níbẹ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n.

Adé_Leeds (Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì, 10:18 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

Bátìrì 650 yọ gíráàmù 21. Bóòtù tí mo gé, 14, ẹ̀gbọ́n ò parọ́. Ìdérí orí tí mo sọ di mílímítà 5 yọ 24. Síkéèlì ka 1,488, mo bu lítà omi sí i wò, ó ka 998, ìyẹn ni pé nǹkan bíi 1,491 ló jẹ́. Gíráàmù kan yẹn, ẹ má ní kí n tún tú u o, tàbí kí n tú u?

Mo jó gbogbo ojú lẹ́ẹ̀dì tó wà nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ẹ̀, mọ́kàndínlógún. Márùn-ún nínú wọn ló dà bí eérú. Mo fi gbogbo ara gbá a mọ́ pákó lẹ́ẹ̀mejìlá lálẹ́ àná, iná pupa ò ṣẹ́jú. Disc wà ní 7,000, táyà ṣì ń fẹ́ gbéra tí mo bá kánjú yà, ṣùgbọ́n ó ti ń padà sílẹ̀ kíákíá. Mo ra Hardox kan sí i, mo ní kí wọ́n fi omi gé e, mi ò fi gíráńdà kàn án rárá. Síkúrù tó wọnú irin, gbogbo wọn ni mo fi Loctite aláwọ̀ búlúù sí, gúlúù tí kì í jẹ́ kí síkúrù tú fúnra ẹ̀.

Ti wíwà ni kò tíì dáa. Tó bá dojú dé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni mo ṣì ń yà sí ibi tí mi ò fẹ́. Motor táyà, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló gbà mí nígbà àkọ́kọ́, ó ti di mẹ́rin àti àbọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Kúnlé (Ọjọ́bọ̀, 10:25 alẹ́)

Má tú nǹkan kan. 1,491 dáa. Àyè gíráàmù 9 ti tó ẹ.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ (Ọjọ́bọ̀, 10:44 alẹ́)

Mo ka èyí tó o kọ fún bàbá mi. Wọ́n béèrè pé ṣé ó ti ṣe nǹkan fún Ògún kó tó gbé irin lọ sójú ìjà. Mo ní ọmọ ìjọ ni. Wọ́n ní kò burú, kó ṣáà máa nu irin ẹ̀, kó fi òróró pa á, kó má gbé e lọ sójú ìjà pẹ̀lú ìpata.

Adé_Leeds (Ọjọ́bọ̀, 10:50 alẹ́)

Ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Mo ti ń nu ún.

Bísí_Ìbàdàn (Ọjọ́ Ẹtì, 7:15 àárọ̀)

Ẹ kó ayọ́n dání lọ o, àti fúlọ́ọ̀sì. Má gbàgbé igi ice cream.

Adé_Leeds (Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kẹta, 9:37 alẹ́)

Ọ̀la ni. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ sínú àpótí irinṣẹ́ kan: disc méjì, motor táyà mẹ́ta, bẹ́líìtì márùn-ún, bátìrì mẹ́rin nínú báàgì tí kì í jóná, ayọ́n, fúlọ́ọ̀sì, igi ice cream mẹ́wàá. Mo kọ Ọ̀ sára motor ọ̀tún, mo kọ Ò sára tòsì, kí n má baà ṣì í mú. Link ti wà lóde, mo so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé. Irin ti há disc lẹ́nu. Ọmọbìnrin mi kékeré fi pẹ́ńtì ìyẹ́ sí ìdérí orí ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìyẹ́ agbọ́n, aláwọ̀ òfeefèé, mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó gbẹ, gíráàmù 2 ni.

1,493. Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni mo máa wọ̀.

Táyé_Abẹ́òkúta (Ọjọ́ Ẹtì, 9:41 alẹ́)

Tó bá dojú dé, ọ̀tún ni òsì o ẹ̀gbọ́n!